Systematic review tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tí a kò parí: ṣé kí n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Dókítà ni mí ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, mo ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ìjìnlẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwa mẹ́rin forúkọ systematic review kan (iṣẹ́ tó ń wá gbogbo ìwádìí tó wà lórí ìbéèrè kan, tó sì ń ro wọ́n pọ̀) sílẹ̀ ní PROSPERO, ìwé àkọsílẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè wa ni pé: ṣé atẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ń mú kí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Áfíríkà máa lo oògùn wọn déédéé? A wá ìwé, a yẹ̀ wọ́n wò, a tilẹ̀ ti ń kó dátà jọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan nínú wa japa lọ sí Ìlú Ọba, ẹnì kejì bí ìbejì, kọ̀ńsọ́tántì wa kò sì dáhùn ímeèlì mọ́. Ohun tí a rí náà kò fi bẹ́ẹ̀ dùn: ó jọ pé atẹ̀jíṣẹ́ náà kò yí nǹkan padà púpọ̀. Títí di òní, ohun tó wà lójú ìwé wa ní PROSPERO ni pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ṣé kí n parí rẹ̀ ni, àbí kí n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n fún yín lésì kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Bí ẹ bá lè parí rẹ̀, ẹ parí rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè parí rẹ̀, ẹ jáde síta kí ẹ sọ pé ẹ ti dáwọ́ dúró, kí ẹ sì sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Méjèèjì ló níyì lójú mi. Ibi tí ẹ wà báyìí ni kò dára, níbi tí iṣẹ́ ti kú tí ìwé rẹ̀ sì ń sọ fún aráyé pé ó ń mí.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ka ìforúkọsílẹ̀ yẹn sí fọ́ọ̀mù lásán, ohun tí jọ́nà máa béèrè nọ́ńbà rẹ̀. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù lásán. Oṣù kejì ọdún 2011 ni PROSPERO bẹ̀rẹ̀, Yunifásítì York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń bójú tó o, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá a sílẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ ṣe review lè sọ ìbéèrè rẹ̀ àti ọ̀nà tó máa gbà síta kó tó mọ èsì, kó má baà rí èsì tán kó wá máa gé ìbéèrè láti bá a mu. Wọ́n tún dá a sílẹ̀ kí ẹlòmíràn tó ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn lè rí i pé ẹnì kan ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Apá kejì yìí ni tiyín ti ń ṣe ìpalára. Ẹ ro ti nọ́ọ̀sì kan ní Kumasi tàbí dókítà kan ní Nairobi tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú review yìí gan-an. Ó wọ PROSPERO, ó rí tiyín, ó rí i pé ìbéèrè kan náà ni, pé àwọn mẹ́rin ló ń ṣe é, pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó wá nǹkan mìíràn ṣe. Ẹ ti gbé korobá sórí ìlà nídìí ẹ̀rọ omi, ẹ ti lọ sílé, ẹni tó ń bọ̀ sì ń rí korobá, ó ń rò pé ẹ wà nítòsí.

Ẹ má torí ìyẹn ro ara yín pin o. Ohun tó ṣe yín ti ṣe àgbà ní ìdí iṣẹ́ yìí. Àwọn olùwádìí kan ní Kánádà tọ ipasẹ̀ protocol (ètò iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀ kí review tó bẹ̀rẹ̀) 411 tí Cochrane, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe systematic review nípa ìlera, gbé jáde ní ọdún 2000, láti mọ ibi tí wọ́n já sí. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì wọn jáde ní 2008, bí ìdá kan nínú márùn-ún ni kò tíì di review. Cochrane nìyẹn o, tó ní olóòtú, tó ní àwọn tó ń kọ ìwé ìránnilétí. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2017 wo review 195 tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ ní PROSPERO tí wọ́n sì parí wọn: ọ̀sẹ̀ 67 ló ń gbà ní ìpíndọ́gba, ó ju ọdún kan àti oṣù mẹ́ta lọ, èèyàn márùn-ún ló sì máa ń wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó parí nìkan ni wọ́n kà síbẹ̀, ẹ fiyè sí i. Nígbà tí wọ́n sì bi àwọn òǹkọ̀wé review léèrè, nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2009, ìdí tí àwọn kan nínú iṣẹ́ wọn kò fi jáde, ohun tó léwájú nínú ìdáhùn wọn ni pé àkókò kò sí.

Àkókò kò sí! Kí la wá fẹ́ sọ, àwa tí call wa ń bá call pàdé, tí ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì ń bọ̀ lórí, tí iná ń lọ kí fáìlì tó ṣí tán? Owó pàápàá ń gbẹ níbi tí a rò pé kò lè gbẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, owó tí NIHR, àjọ ìjọba Britain tó ń gbọ́ bùkátà ìwádìí ìlera, fi ń gbé àwọn ẹgbẹ́ olóòtú Cochrane tó wà ní Ìlú Ọba ró dópin, àwọn ẹgbẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún sì palẹ̀ mọ́. Nítorí náà n kò bá yín wí pé iṣẹ́ dúró. Dídákẹ́ ni mo ń bá wí.

Ẹ lè béèrè pé kí ló tilẹ̀ bàjẹ́ bí review kan kò bá jáde, ṣebí àwọn ìwádìí tó wà nínú rẹ̀ ti jáde lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹ wo àmì ẹgbẹ́ Cochrane dáadáa. Àwọn ìlà kéékèèké tó sùn gbalaja wà nínú rẹ̀, ìwádìí kan ni ìlà kan, méje ni gbogbo wọn. Ní 1972, Liggins àti Howie ní Auckland, lórílẹ̀-èdè New Zealand, gbé èsì jáde pé àwọn fún àwọn aboyún tó fẹ́ bímọ kí oṣù tó pé ní abẹ́rẹ́ betamethasone, àwọn ọmọ wọn sì mí dáadáa ju àwọn tí ìyá wọn kò gbà á lọ, àwọn tó kú nínú wọn sì dín kù. Àwọn mìíràn tún un ṣe níbòmíràn. Ìwádìí wọn kò tóbi. Bí ọ̀kan bá ní ó dára, òmíràn á ní ó jọ bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n kò dá òun lójú, àwọn dókítà agbẹ̀bí sì ń bá ọ̀nà àtijọ́ lọ. Ọdún 1989 ni ẹnì kan tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n sójú kan, kò sí àríyànjiyàn mọ́: abẹ́rẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan yìí ń dín ewu ikú àwọn ọmọ náà kù láti nǹkan bí 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọdún mẹ́tàdínlógún wà láàárín 1972 àti 1989. Gbogbo ìdáhùn ti wà nílẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, ó kàn wà káàkiri bí ẹ̀wà tó dànù ni. Ìtàn tí Cochrane fúnra wọn ń sọ nípa àmì wọn ni pé ó ṣeé ṣe kí ẹgbẹẹgbàárùn-ún ọmọ ti jìyà, kí wọ́n sì ti kú lásán nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí ní yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, tó ti wo igbá àyà ọmọ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ bó ṣe ń wọlé bọ̀ síta, tó ń kérora ní gbogbo èémí tó bá mí, mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí ìbẹ̀rù sì wà pé bóyá abẹ́rẹ́ náà kò ní ṣe dáadáa níbi tí ohun èlò kò pọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dexamethasone, oògùn tó jọ ọ́, dán an wò ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, Nàìjíríà wà lára wọn. Èsì náà jáde ní 2020. Ó dín ikú àwọn ọmọ kù níbẹ̀ náà.

Ti streptokinase, oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì fún ẹni tí àrùn ọkàn kọlù, tún dunni sí i. Láàárín 1959 sí 1988, ìwádìí 33 ni wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Ní 1992, àwọn kan tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn bí wọ́n ṣe jáde, wọ́n ń ro wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé nígbà tí yóò fi di 1973, lẹ́yìn ìwádìí mẹ́jọ péré pẹ̀lú aláìsàn 2,432, ìdáhùn ti dájú. Wọ́n ṣì fi aláìsàn 34,542 mìíràn sínú ìwádìí lẹ́yìn ìyẹn, gègé sì gbé púpọ̀ nínú wọn sí apá tí kò gba oògùn. Kò sẹ́ni tó ṣe ìkà níbẹ̀. Wọn ò kó o jọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi ibi tí iṣẹ́ ti parí hàn yín, nítorí ó sún mọ́ wa. Àwa tí a ti pẹ́ díẹ̀ mọ bí a ṣe ń fi quinine tọ́jú ọmọ tí ibà líle mú: dríìpù tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń dìde lóru láti yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò nítorí quinine lè fà á wálẹ̀ lójijì. Ní 2010, ìwádìí AQUAMAT, tó fi artesunate, oògùn ibà mìíràn, wé quinine, tẹ èsì jáde lórí ọmọ 5,425 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án, Ìlọrin wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn tó ń bójú tó review Cochrane lórí artesunate àti quinine kò jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó fi í kún tiwọn. Nígbà tí wọ́n máa tún un gbé jáde ní 2012, ìwádìí mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, àgbàlagbà 1,664 àti ọmọdé 5,765. Artesunate dín ikú àwọn ọmọ kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní 2011 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yí ìlànà padà sí artesunate fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Bí àwọn tó wà nídìí review yẹn bá ti sọ pé ọwọ́ àwọn dí, àwọn ọmọ Ìlọrin yẹn ì bá ṣì wà nínú jọ́nà, ṣùgbọ́n ta ni ì bá kà wọ́n mọ́ àwọn tó kù?

Ẹ ní ohun tí ẹ rí kò dùn. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yín ti kú, ju ti ìbejì àti ìrìn àjò lọ. Ká ní ẹ rí i pé atẹ̀jíṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ bí idán ni, ẹ ì bá ti rí àkókò. Mi ò sọ ọ́ láti bú yín, ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí.

Nígbà tí mo wà ní irú ipò yín, kí PROSPERO tó dé, àwa mẹ́ta ń ṣe review lórí fífi oyin tọ́jú egbò ẹsẹ̀ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ìwé àjákọ eléèpo aláwọ̀ ewéko kan wà tí a ń kọ ìdí tí a fi yọ ìwé kọ̀ọ̀kan kúrò sí: èyí kò ní ẹgbẹ́ ìfiwéra, èyí da egbò iná pọ̀ mọ́ ọn, èyí a kò rí ju ìṣọníṣókí lọ. A ṣe é fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí a ro ó pọ̀, a kò rí ìyàtọ̀ tó ṣeé gbójú lé. Ọ̀gá tó wà lórí wa ní kò sí jọ́nà tó máa gbà á, a sì gbà fún un, nítorí ó ti rẹ̀ wá. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, mo jókòó síbi ìpàdé kan, ọ̀dọ́mọdé dókítà kan dìde láti sọ iṣẹ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ wa ni. Ó ti tẹ àwọn ìwé kan náà, ó dì wọ́n sínú fáìlì, ó ti fi bírò pupa fa ìlà sídìí àwọn ohun tí àwa náà ti fa ìlà sí. Mo lọ sílé, mo wá ìwé àjákọ yẹn jáde lábẹ́ àpótí, mo gbé e fún un. Kò bínú sí mi, ó tilẹ̀ dúpẹ́. Ojú ṣì ń tì mí títí di òní.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi. Bí review tó sọ pé nǹkan ń ṣiṣẹ́ bá ń jáde, tí èyí tó sọ pé a kò rí ìyàtọ̀ bá ń sùn sínú kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń ka èyí tó jáde máa rò pé gbogbo nǹkan ló ń ṣiṣẹ́. Lọ́la, ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ kan lè fẹ́ ra atẹ̀jíṣẹ́ fún gbogbo àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lábẹ́ rẹ̀, owó tí wọn ì bá fi ra oògùn gan-an. Ẹ̀yin lẹ ní nǹkan tó yẹ kí wọ́n kà lọ́wọ́. Ẹ sì ṣọ́ra pẹ̀lú bí ẹ ṣe máa kọ ọ́: “a kò rí ìyàtọ̀” àti “kò sí ìyàtọ̀” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ìwádìí tí ẹ rí bá kéré, tí àyè tí èsì lè bọ́ sí bá gbòòrò láti orí àǹfààní dé orí ìpalára, ẹ sọ pé a kò tíì mọ̀. Ìyẹn náà wúlò gan-an, òun ló máa sọ fún ẹni tó ní owó ìwádìí pé ibí yìí ni kó ná an sí.

Ó yá, kí lẹ máa wá ṣe? Ẹ kọ́kọ́ fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo wá a bóyá ẹlòmíràn ti parí rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta yìí, ní PubMed àti Cochrane Library, tí wọ́n jẹ́ àkójọ ìwé ìwádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti ní PROSPERO fúnra rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù ohun tí ẹ máa rí. Láàárín 1991 sí 2014, iye systematic review tó ń wọ PubMed lọ́dún fi ohun tó ju 2,700 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń tún ara wọn sọ. Bí ẹ bá rí èyí tó dára, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó dáhùn ìbéèrè yín fún Áfíríkà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ẹ ti ilẹ̀kùn tiyín. Fífi ìkejì kún un kò ran aláìsàn lọ́wọ́.

Bí kò bá sí, ẹ mọ̀ pé ìwé tí ẹ wá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti ṣá. Ìwádìí kan tó jáde ní 2007 wo review 100: méje ti di ohun àtijọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n jáde gan-an, mẹ́tàlélógún kí ọdún méjì tó pé. Cochrane kì í fẹ́ kí ìgbà tí a wá ìwé kẹ́yìn ju oṣù méjìlá lọ sí ìgbà tí review máa jáde. Kò túmọ̀ sí pé ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi wá a nígbà yẹn lẹ máa tún lò, láti ọjọ́ tí ẹ dúró dé òní. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti sọnù, ẹ lọ bá alákòóso ilé ìkàwé yín. Mo rọ̀ yín, àwọn èèyàn wọ̀nyí jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, a kì í lọ bá wọn, wọ́n sì mọ iṣẹ́ yìí jù wá lọ. Ẹ má fi AJOL sílẹ̀, ẹ má fi African Index Medicus sílẹ̀: ohun tí ẹ ń béèrè jẹ́ ti Áfíríkà, jọ́nà Áfíríkà ló máa gbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Fún ìwé tó ń béèrè owó, ẹ wò ó bóyá ilé ẹ̀kọ́ yín wà nínú Hinari, ètò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń ṣe láti 2002.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fáìlì dátà yín. Mo lè sọ ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀: òpó kan tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ “adh2” tí ẹnikẹ́ni kò rántí ohun tó túmọ̀ sí mọ́, àwọn àpótí tí ẹ kun ní àwọ̀ yẹ́lò pẹ̀lú àmì ìbéèrè méjì, ìwé méjì láti ìlú kan náà tí ẹ kò mọ̀ bóyá aláìsàn kan náà ló wà nínú wọn. Ẹ má gbìyànjú láti rántí. Ẹ padà sídìí ìwé kọ̀ọ̀kan tó ní yẹ́lò. Fún àwọn ìwé méjì yẹn, ẹ gbé tábìlì àkọ́kọ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: bí iye obìnrin, ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ìfúnpá bá bára mu dé orí ẹ̀yìn pọ́ńtì, èèyàn kan náà ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ sì gbọ́dọ̀ kà wọ́n.

Ẹ lè dín iṣẹ́ kù. Bí ẹ bá ti kọ èsì mẹ́jọ sínú protocol, tí agbára yín kò sì ju mẹ́ta lọ, ẹ mú mẹ́ta tó ṣe pàtàkì sí aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí díẹ̀ nínú dátà, nítorí náà ẹ kò gbọ́dọ̀ yọ èyíkéyìí nítorí pé kò dùn. Ẹ kọ ìyípadà náà sí PROSPERO kí ẹ tó ro nǹkan kan pọ̀ (ẹ̀dà àtijọ́ máa ń wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó), kí ẹ sì tún sọ ọ́ nínú ìwé yín. PRISMA 2020, ìlànà bí a ṣe ń kọ ìròyìn review, tó ní kókó 27, béèrè fún un ní tààrà: kí ló yí padà láti ìgbà tí ẹ forúkọ sílẹ̀, kí sì nìdí rẹ̀? Kò sí ìtìjú níbẹ̀. “A dín in kù nítorí àwa méjì ló kù” jẹ́ gbólóhùn tí olóòtú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa bọ̀wọ̀ fún.

Ní ti àwọn èèyàn yín, iṣẹ́ kékeré ni kí ẹ bẹ̀ wọ́n fún. Èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ yẹ ìwé wò láìfojú kan ara wọn, ẹ ò lè dá a ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá ìbejì lè ka ìṣọníṣókí ogún lórí fóònù nígbà tí àwọn ọmọ bá sùn, pẹ̀lú Rayyan, áàpù tí a fi ń yẹ ìwé wò, kó tẹ “gbà” tàbí “kọ̀”. Ẹni tó wà ní Ìlú Ọba lè ya àwọn ìwé tí ẹ kò rí níbí wá láti ilé ìkàwé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ti kọ̀ńsọ́tántì ló le. Ẹ má gbé orúkọ rẹ̀ sí i láìjẹ́ pé ó ka ìwé náà tó sì fọwọ́ sí i. Òfin òǹkọ̀wé tí àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ti ṣiṣẹ́, kó kọ tàbí kó tún un ṣe, kó fọwọ́ sí i, kó sì lè dáhùn fún un. Ẹ má sì yọ ọ́ láìsọ fún un. Àgbà ni, ẹ lọ bá a lójúkojú lẹ́yìn ward round, ẹ mú ìwé pélébé lọ́wọ́. Ímeèlì tí kò dáhùn lè jẹ́ pé kò tilẹ̀ rí i.

Ẹ yan jọ́nà tí kì í gba owó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, tàbí kí ẹ béèrè ìdáríjì owó níbi tí ẹ ti fi í ránṣẹ́. Ẹ sá fún èyí tó ń fi ímeèlì pọ́n yín lé láàárọ̀ tó ní òun á gbé e jáde lọ́jọ́ márùn-ún. Ẹ lè kọ́kọ́ gbé e sí medRxiv, ojú òpó tí a ń gbé ìwé sí kí jọ́nà tó gbà á, ọ̀fẹ́ ni, kí ohun tí ẹ rí ti wà níta bí jọ́nà bá ń fà á. Bí ẹ bá sì nílò ẹni tó máa tọ́ yín sọ́nà, Cochrane Nigeria wà ní Calabar.

Tó bá wá jẹ́ pé dídúró ni, ìwọ̀nba wákàtí méjì ni. Ẹ yí ipò iṣẹ́ náà padà ní PROSPERO sí pé ẹ ti dáwọ́ dúró, ẹ kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn méjì. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ tí ẹ fi wá ìwé, orúkọ àwọn ìwé tí ẹ yọ àti ìdí tí ẹ fi yọ wọ́n, àti fáìlì dátà yẹn pẹ̀lú gbogbo yẹ́lò rẹ̀, sí OSF tàbí Zenodo, àwọn ojú òpó tí a ń tọ́jú dátà sí fún aráyé, kí ẹ fi ìsopọ̀ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ yín. Nọ́ọ̀sì Kumasi yẹn máa fi bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ dé.

Èwo nínú méjèèjì? Ẹ ò lè dá a pinnu, orúkọ ẹ̀yin mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ èyí sí wọn lálẹ́ òní, lórí WhatsApp tí wọ́n ń ṣí, kí ẹ tó wọ call: “Ẹ káalẹ́ o. Review wa ṣì wà ní PROSPERO bíi pé à ń ṣe é. Mo fẹ́ kí a parí rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú èsì mẹ́ta péré, tàbí kí a tì í kí a sì fi dátà wa síta fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tí mo ní fún yín kò ju wákàtí méjì lọ́sẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí tí ẹ lè ṣe fún mi kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì òní. Ẹni tí kò bá ní àyè, kó sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ìjà, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìwé náà bó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ńsọ́tántì ni mo máa lọ rí lọ́jọ́ Ajé.”